Ìbéèrè Yín: Bátìrì, Inverter, àti Wáyà Tó Wà Láàárín Wọn

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, gbogbo wọn lórí iná inú RV. Ẹni tí kò bá tíì wọ̀ ọ́ rí, RV ni ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ tí wọ́n á máa fà á lọ. Èmi tí mò ń dáhùn, iṣẹ́ rẹwáyà ni mo kọ́ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn kí n tó wá di oníṣẹ́ iná ní Houston, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ìdílé mi ti ń fi RV rìn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gùn, ìdáhùn rẹ̀ á sì gùn, torí òun ló gbé ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Owó ilé tó wọ́n ló jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi ra RV àlòkù tí wọ́n ń fà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 26. Níbi tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń rí iná 30 áńpù lò ní ibùdó. Ṣùgbọ́n tí ìsinmi bá dé, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Big Bend, ọgbà ìjọba tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Texas, níbi tí a ò ti ní rí iná. Ilé ìtajà kan ní kí n ra bátìrì lithium 100 Ah (áńpù-wákàtí) méjì àti inverter 3000 wáàtì, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé, pé yóò gbé AC wa di àárọ̀. Ọkọ mi ń lo ẹ̀rọ CPAP tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú bó bá ń sùn. Èmi náà fẹ́ máa rí ata lọ̀. Ọkọ mi ní òun á so gbogbo rẹ̀ fúnra òun, pé iná 12 fólìtì kì í pa èèyàn. Owó náà pọ̀ lójú wa, ni mo ṣe ní kí n kọ́kọ́ bi yín. — Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Katy, Texas

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn, Nọ́ọ̀sì wa. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí AC, torí òun ni wọ́n fi fẹ́ tajà fún yín.

Bátìrì lithium 100 Ah kan, fólìtì rẹ̀ jẹ́ 12.8. 100 lọ́nà 12.8 jẹ́ 1280 wáàtì-wákàtí. Méjì jẹ́ 2560. AC orí RV tó jẹ́ 13,500 BTU (ìwọ̀n agbára ìtutù rẹ̀) ń jẹ nǹkan bí 1400 wáàtì tó bá ń ṣiṣẹ́. Inverter náà á gba tirẹ̀ lójú ọ̀nà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, nítorí náà ohun tó ń jáde lára bátìrì á tó 1550. Ẹ wá pín 2560 sí 1550: wákàtí kan àti nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń sinmi láàárín, ẹ lè rí wákàtí méjì àbọ̀. Kò lè di àárọ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò ṣírò. Bí ẹ bá fẹ́ kí AC bá yín ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lóru, bátìrì irú ẹ̀ méje lẹ nílò bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá tilẹ̀ ń sinmi, kì í ṣe méjì. Ẹ tún máa ra ohun tí wọ́n ń pè ní soft starter, torí bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, iná tó ń fà lójú ẹsẹ̀ lè ju ìlọ́po méjì èyí tó ń jẹ lẹ́yìn tó bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Soft starter ló máa ń rọ ìgbéra náà lójú.

Ìmọ̀ràn mi lórí AC kò wọ́n: ẹ yí oṣù tí ẹ máa lọ padà. RV ẹsẹ̀ bàtà 26 kò ṣeé gbé gba ọ̀nà Chisos Basin tó wà lókè níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní kí èyí tí wọ́n ń fà má ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, àwọn kọ́nà ọ̀nà náà sì le lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ni ẹ máa dé sí, ní Rio Grande Village létí odò tó pín Texas àti Mẹ́síkò níyà, ooru ibẹ̀ sì ń kọjá 100 Fahrenheit nínú oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà. Ẹ lọ nígbà ìsinmi Thanksgiving ní oṣù kọkànlá, tàbí oṣù kejì. Alẹ́ á tutù débi tí ẹ máa wá bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi AC sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́, níbi tí iná ibùdó wà, tí ẹ ó fi lè sun oorun ọ̀sán yín dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ òru.

Ó wá ku ohun tí bátìrì méjì lè gbé lóòótọ́. Mo fi ìṣirò inú ilé ọ̀pọ̀ èèyàn wo tiyín. Gílóòbù LED, ẹ̀rọ tó ń fa omi àti fáànù, 300 wáàtì-wákàtí lóòjọ́. CPAP láìsí omi gbígbóná, 40 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ, 320. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún wákàtí mẹ́rin, 240. Tẹlifíṣọ̀n, 150. Microwave fún ìṣẹ́jú méjìlá, 300. Èyí tí wọ́n kọ 1000 wáàtì sí lára, ó ń jẹ tó 1500 látẹ́yìn. Ata lílọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, 70 péré, ẹ fọkàn balẹ̀. Fíríìjì yín, mo gbà pé irú èyí tó ń lo gáàsì ni, ẹ jẹ́ kó máa lo gáàsì rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ ọn: inverter fúnra rẹ̀ ń jẹun bí a kò tilẹ̀ so nǹkan kan mọ́ ọn. Bó bá ń jẹ 20 wáàtì, 480 ló jẹ ní wákàtí 24. Ó ju CPAP ọkọ yín lọ! Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ àti òfò ojú ọ̀nà jẹ́ nǹkan bí 2000, bátìrì méjì á gbé e fún ọjọ́ kan láìsí oòrùn. Tí ẹ bá wá ra wáyà 12 fólìtì ti CPAP, èyí tí ẹ lè so mọ́ bátìrì láìgba ti inverter, ẹ lè pa inverter tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ sì tàn án láàárọ̀. Ìyẹn nìkan á dá tó 200 padà fún yín. Tí ẹ bá fi sólà 400 wáàtì sórí òrùlé, oòrùn Big Bend lè dá nǹkan bí 1500 padà ní ọjọ́ tí kò bá sí ìkùukùu. Ẹ lè pẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, inverter 2000 wáàtì ni kí ẹ ra, kì í ṣe 3000, kó sì jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bí iná ìjọba. Èyí tó dínwó tí wọ́n ń pè ní modified, ẹ má fi gbé CPAP, kò dára fún un, mọ́tò tí ń lọ ata náà á máa kùn, á sì máa gbóná lórí rẹ̀. Lára bátìrì, ẹ wá LiFePO4, ìyẹn lithium tó ní irin àti fọ́sífétì nínú. Kì í tètè gbaná bí irú ti fóònù. Texas wa níbí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àárín ọdún 1990 sí 1999, ní yunifásítì tó wà ní Austin, lábẹ́ John Goodenough tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019 nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 97.

Ọ̀rọ̀ kàn ọkọ yín wàyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kó jókòó kà á fúnra rẹ̀.

Aṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ọdún kejì tí a ra RV wa, a wà nítòsí Fort Davis, ní ìwọ̀ oòrùn Texas. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́. Ìyàwó mi gbé omi sínú kẹ́tùlù oníná torí àbíkẹ́yìn wa ń wúkọ́. Kò pẹ́ tí mo gbóòórùn. Ẹni tó bá ti ṣe rẹwáyà mọ òórùn yẹn, òórùn awọ wáyà tó ń yọ́. Mo ṣí àpótí bátìrì, mo rí i tí orí wáyà pósítíìfù ti dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ike tó bò ó ń kán sílẹ̀. Ọmọ méjì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè àpótí náà gan-an. Mo pa inverter, mo fi sípánà tú bátìrì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò fojú kan oorun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Wáṣà kan ṣoṣo ló fà á. Èmi ni mo fi sí i, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo fi wáṣà sáàárín orí wáyà àti ojú bátìrì, dípò kí orí wáyà jókòó lé ojú bátìrì tààrà, kí wáṣà wá wà lókè rẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Wáṣà irin tí kì í dípata kì í jẹ́ kí iná kọjá bíi kọ́pà. Ọ̀nà tí a rìn sì ti gbọn nọ́ọ̀tì náà títí ó fi dẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: bí ìdènà ojú ibẹ̀ bá jẹ́ ohm 0.005 péré, tí 150 áńpù ń kọjá, ooru 112 wáàtì á máa jáde lójú ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Áyọ́ọ̀nù tí àwa rẹwáyà fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà, 60 wáàtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Òótọ́ ni pé 12 fólìtì kì í gbá èèyàn. Ṣùgbọ́n ó lè jó ilé mọ́ èèyàn lórí. Microwave yín, lórí iná 120 fólìtì, kò ju áńpù 13 lọ. Microwave kan náà, tó bá gba ti inverter fa iná lára bátìrì 12 fólìtì, nǹkan bí 130 áńpù ló ń sáré nínú wáyà. A ń bẹ̀rù èyí tó ń gbáni, a ń fojú di èyí tó ń jóni. Nínú gbogbo owó tí ẹ máa ná, wáyà kúkúrú tó wà láàárín bátìrì àti inverter ni kí ẹ má ṣahun sí rárá. Mo ti rí bátìrì olówó ńlá tí wọ́n fi wáyà tó tín-ín-rín so, inú mi kì í dùn.

Inverter 2000 wáàtì tó bá ṣiṣẹ́ dé góńgó lè fa 185 áńpù. Ẹ ra wáyà kọ́pà 2/0, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná nílé ń pè ní 70, kó má gùn ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Bí àyè kò bá gbà, inverter ni kí ẹ gbé sún mọ́ bátìrì, kí ẹ wá fa wáyà 120 fólìtì gígùn lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ lò ó. Orí wáyà, èyí tí à ń pè ní lọ́ọ̀gì, ẹ má fi òòlù lù ú pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára epo tẹ̀ ẹ́ wà, ó sì ṣeé yá. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fà á pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Bó bá yọ, ẹ dúpẹ́ pé ọwọ́ yín ló ti yọ.

Fíùsì ni kí ẹ fi lé pósítíìfù, irú Class T, 250 áńpù, kó má jìnnà ju íǹṣì méje lọ sí bátìrì, torí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní olùṣọ́ kankan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fíùsì ẹ̀rọ orin ọkọ̀ tù yín nínú. Bátìrì lithium tí pósítíìfù rẹ̀ bá fara kan nẹ́gẹ́tíìfù lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Fíùsì pọ́ọ́kú á jó tán, iná á tún máa fò kọjá láàárín rẹ̀. Class T lè gé iná tó tó 20,000 áńpù.

Bátìrì méjèèjì, pósítíìfù sí pósítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti fẹ́ fa wáyà lọ sí inverter, ẹ mú pósítíìfù lára bátìrì àkọ́kọ́, kí ẹ mú nẹ́gẹ́tíìfù lára èkejì. Bí ẹ bá mú méjèèjì lára ẹyọ kan, òun á máa ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ, yóò sì gbó ṣáájú rẹ̀. Ẹ de àwọn nọ́ọ̀tì náà tó bí ìwé bátìrì ṣe sọ, ẹ rìn tó máìlì 100, kí ẹ dúró kí ẹ tún yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò. Ẹ máa ṣe é lọ́dọọdún.

Nǹkan méjì ṣì kù. Àkọ́kọ́, àpótí tó ń sọ iná ibùdó di 12 fólìtì nínú RV yín, èyí tí wọ́n ń pè ní converter, bátìrì olómi-ásíìdì ni wọ́n ṣe é fún. Lithium fẹ́ nǹkan bí 14.4 fólìtì kó tó kún, ti àtijọ́ kì í sábà dé ibẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì máa pa á nígbàkigbà tí inverter bá ń gbé iná fún RV, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bátìrì á máa fún inverter níná, inverter á fún converter, converter á tún máa ṣáàjì bátìrì kan náà, wọ́n á máa yí po títí bátìrì á fi kú. Èkejì: apá 120 fólìtì. Níbẹ̀ ni kí ọkọ yín ti gbọ́wọ́ dúró, kó pe ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí. Neutral, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà, àti wáyà ilẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdé nínú páńẹ̀lì RV, òfin iná Amẹ́ríkà sọ bẹ́ẹ̀ ní Article 551. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inverter ló ń fún RV níná, inú inverter náà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n sì tún yà nígbà tí iná ibùdó bá dé. Súìsì tó ń ṣe ìyẹn wà. Bí wọ́n bá so ó ṣì, ara RV tó jẹ́ irin lè gbá ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ tútù tẹlẹ̀ tó sì di ìlẹ̀kùn mú. Èmi kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ ọ ṣe é.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń fà yín máa ṣáàjì bátìrì lójú ọ̀nà, ẹ fi ṣájà DC-DC 30 áńpù sáàárín. Ẹ má so lithium tààrà mọ́ alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nínú ọkọ̀, bátìrì á fa iná lára rẹ̀ títí alternator náà yóò fi jóná.

Mò ń múra àtipadà sílé, sí Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé RV mi lọ sí Èkó, kí n máa gbé inú rẹ̀ títí ilé mi á fi parí. Àbúrò mi ní kí n ra tíráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120, kí n sì yọ lithium kí n fi bátìrì olómi-ásíìdì tí wọ́n ń pè ní tubular méjì rọ́pò rẹ̀ tí mo bá dé. Kí lẹ rí sí i? — Ẹni Tó Ń Relé, Bowie, Maryland

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó délé láyọ̀. Àbúrò yín fẹ́ràn yín, àmọ́ ẹ má tẹ̀ lé e lórí méjèèjì.

Tíráńsífọ́mà á yí fólìtì padà, kò lè yí bí iná ṣe ń mì padà. Iná Amẹ́ríkà ń mì nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tilé ń mì nígbà 50. Mọ́tò AC yín àti microwave tí wọ́n ṣe fún 60, tí ẹ bá fún un ní 50, gbígbóná ni yóò máa gbóná, kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò tíì kan ti NEPA tó ń lọ sókè sódò.

Ẹ jẹ́ kí bátìrì ṣe ògbufọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Bátìrì 12 fólìtì kò mọ Èkó yàtọ̀ sí Maryland. Ẹ ra ṣájà 60 áńpù tó lè gba iná láti 100 dé 240 fólìtì, tó sì ní àyè tí a lè yàn fún lithium. Òun ni ẹ máa so mọ́ iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀. Ó ń fi 12 fólìtì kún bátìrì, inverter Amẹ́ríkà tó wà nínú RV á sì máa sọ ọ́ di 120 tó mọ́, tó ń mì ní 60, bí ẹni pé ẹ ò kúrò ní Bowie. Bí NEPA bá wá fún wákàtí mẹ́rin, bátìrì 200 Ah yín á ti kún. Pẹ̀lú iye tí epo bẹntiróò ti di láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ fi sólà sórí òrùlé kí ẹ tó kó o sọ́kọ̀. Púlọ́ọ̀gì 30 áńpù ara RV náà, ẹ fi téèpù dí i kí ẹ sì kọ ìkìlọ̀ sí i lára. Ẹnì kan á fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan tí ẹ ò sí nílé, yóò sì wá wáyà fi so ó mọ́ 230.

Tubular dáa o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú kọ́rídọ̀ ilé tí atẹ́gùn ń fẹ́. Àmọ́ ẹyọ 200 Ah kan wúwo ju 50 kìlógíráàmù lọ, ó ga, ásíìdì inú rẹ̀ ń mì tí ọkọ̀ bá wọ gálọ́ọ̀pù, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ háídírójìn tó ń gbaná bí wọ́n bá ń ṣáàjì rẹ̀. Ẹ má gbé e sínú yàrá tí ẹ ti ń sùn. Lithium yín kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó wà.

Bátìrì lithium wa kọ̀, kò gba iná mọ́ láti oṣù kejìlá. Ẹni tó tà á fún wa ní kò ní àbùkù. Ó wà nínú àpótí iwájú, níta. — Ìyá Ìbejì, Minneapolis

Òótọ́ lẹni náà sọ, Ìyá Ìbejì. Bátìrì náà ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Lithium kò gbọdọ̀ gba ṣáàjì tó bá ti tutù dé ìwọ̀n 32 Fahrenheit, ìyẹn 0 Celsius. Bí a bá fipá ṣáàjì rẹ̀, irin lithium á máa lẹ̀ mọ́ ara inú rẹ̀, ìbàjẹ́ náà kò sì ní àtúnṣe. Ó lè fúnni níná nínú òtútù, àmọ́ kò lè gbà. Ẹ gbé e wọ inú RV lábẹ́ ìjókòó níbi tí hítà ń dé, irú èyí kò nílò ihò atẹ́gùn bíi ti ásíìdì. Tí ẹ kò bá ní lò ó títí di oṣù kẹrin, ẹ jẹ́ kí iná inú rẹ̀ wà ní ìdajì, ẹ tú nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi.

Oníṣẹ́ kan ti parí iṣẹ́ inverter 2000 nínú RV wa, ó ń béèrè ìyókù owó rẹ̀. Báwo ni èmi tí mi ò mọ iṣẹ́ iná ṣe lè mọ̀ bóyá ó ṣe é dáadáa? — Bàbá Tèmi, Arlington, Texas

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an. Ẹ ra mítà kan àti ẹ̀rọ tó ń wo ooru láti òkèèrè, ẹ lè rí méjèèjì láàárín 50 dọ́là. Kí oníṣẹ́ náà dúró tì yín. Ẹ yọ RV kúrò lára iná ibùdó, ẹ gbé kẹ́tùlù 1500 wáàtì tó kún fómi lé e. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá hó, ẹ dà á nù, ẹ tún bu òmíràn sí i.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ wọn fólìtì lórí bátìrì fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n ọ́n níbi tí wáyà ti wọ inverter. Tó bá jẹ́ 12.9 níhìn-ín àti 12.7 lọ́hùn-ún, ó dára. Ìyàtọ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.3 lọ. Ẹ wá yí ẹ̀rọ ooru náà sí orí wáyà kọ̀ọ̀kan, fíùsì, àti súìsì. Gbogbo wọn á lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ gan-an, ẹ kọ ibi tó wà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni iná tó ń jó ilé ti ń bọ̀.

Tí ìyàtọ̀ náà bá tó 0.5, pẹ̀lú 140 áńpù tí kẹ́tùlù yẹn ń fà, 70 wáàtì ń ṣòfò sínú ooru láàárín wáyà yín, ibì kan ṣoṣo ló sì lè jẹ́ pé ó kó ara jọ sí. Ẹ pa kẹ́tùlù, ẹ pa inverter. Ẹ má san ìyókù owó náà títí oníṣẹ́ á fi tú orí wáyà kọ̀ọ̀kan lójú yín, tí ẹ ó fi rí i pé kọ́pà ló jókòó lé kọ́pà, tí wáṣà wà lókè, tí yóò sì tún un dè, kí ẹ wá tún kẹ́tùlù náà gbé kaná.